Éésì Tí Kì Í Sinmi Nígbà Tí Ojú Ọjọ́ Tutù: Ohun Tí Ẹ Máa Yẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó Gáàsì

Alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Iṣáì tán, Alhaja kan ní Gaa-Akanbi pè mí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá wo éésì yìí. Òtútù ń mú wa, gbogbo wa ti daṣọ bora, síbẹ̀ kò dákẹ́. Yúníìtì tí mo rà lọ́jọ́ Ajé ti fẹ́ tán.” Ẹnì kan ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó ti ní gáàsì ló lọ sílẹ̀, ó sì ti gbowó gáàsì. Nígbà tí mo wọlé, mo mú rìmóòtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, mo wò ó. 16 ló wà. Àwọn ọmọ ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, kò sí ẹni tó rántí dá a padà. Mo gbé e sí 25. Kò pẹ́ rárá tí apá éésì tó wà níta fi dún “tá”, tó dákẹ́. Alhaja wò mí, mo wò ó. Owó gáàsì ti lọ ná.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó sì ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá tún bá irú rẹ̀ pàdé ní Ìlọrin yìí. Iṣẹ́ éésì ni mo ń ṣe, mo mọ iye tí iná ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó yúníìtì kan (1 kWh) fún àwọn tó wà ní Band A, àwọn tó yẹ kí iná wọn máa tó wákàtí 20 lójúmọ́, lọ sí náírà 225, iye náà sì ti ń yí padà láti ìgbà náà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ ní iye yẹn. Éésì 1HP lásán, tí kì í ṣe ti inverter tó ń dín iṣẹ́ rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, lè máa fa bíi 0.8 kW nígbà tí kọ̀mpírésọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ńlá inú apá tó wà níta, bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 10 láìsinmi, yúníìtì 8 ti lọ, náírà 1,800 lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Éésì kan náà, bó bá ń sinmi fún ìdajì àsìkò náà, 900 ni yóò jẹ. Ìyàtọ̀ yẹn tó owó oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọ.

Nígbà tí ooru bá mú gan-an, bíi oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, kò sí ohun tó burú bí éésì bá ń ṣiṣẹ́ láìdúró lọ́sàn-án; ooru ìlú wa nígbà náà kì í ṣe kékeré. Àmọ́ bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lásìkò òjò, tàbí lóru ọyẹ́, ìdí kan wà. Ẹ jẹ́ ká wá a láti orí èyí tí kò náni ní kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Èwo gan-an ló ń ṣiṣẹ́?

Éésì split ní ara méjì. Èyí tó wà lára ògiri nínú yàrá ní fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí wa lára. Èyí tó wà níta ni kọ̀mpírésọ̀ wà nínú rẹ̀, òun ló ń jẹ iná jù. Bí yàrá bá ti tutù dé ibi tí ẹ ní kó dé, kọ̀mpírésọ̀ yóò dúró, ṣùgbọ́n fáànù inú yóò máa fẹ́ lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kì í ṣe àìsàn. Nínú àwọn tó ń sọ fún mi pé éésì àwọn kì í sinmi, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé fáànù inú yìí ni wọ́n ń gbọ́.

Nítorí náà, ẹ bọ́ síta. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìta, kí ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí iwájú fáànù rẹ̀, kó jìnnà díẹ̀. Ẹ má ki ìka bọ àárín irin rẹ̀ o. Bí atẹ́gùn tó ń jáde bá gbóná ju ti àyíká lọ, kọ̀mpírésọ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń sinmi, ẹ padà wọlé lọ sùn. Bí fáànù bá ń yí ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn rẹ̀ kò gbóná rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kọ̀mpírésọ̀ kò dìde nìyẹn. Kapásítọ̀ rẹ̀, ohun kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti dìde, lè ti rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó gbóná jù, tó wá ń dá ara rẹ̀ dúró. Irú éésì bẹ́ẹ̀ yóò máa fẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, yàrá kò ní tutù, ẹ ó sì rò pé gáàsì ni.

Ẹ mú bírò àti bébà. Ẹ gbé e sí 25, ẹ ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹ kọ àsìkò tí ti ìta dúró àti ìgbà tó tún dìde, fún wákàtí kan. Bó bá dúró, tó tún dìde, tó tún dúró, ara éésì yín le.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ́ kí mítà sọ̀rọ̀

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì ń kọ́ gbogbo ọmọṣẹ́ mi. Lójú mítà yín, iná pupa kékeré kan wà tó ń ṣẹ́jú. Nítòsí rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà kan síbẹ̀, 1000 imp/kWh tàbí 1600 imp/kWh lọ́pọ̀ ìgbà. Iye ìgbà tí iná pupa yẹn máa ṣẹ́jú kí yúníìtì kan tó lọ nìyẹn.

Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, fíríìjì, fírísà, pọ́ńpù omi, tẹlifíṣọ̀n, kó ku éésì nìkan. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ fi ka ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa ka iye ìgbà tí iná yẹn ṣẹ́jú. Ẹ sọ iye náà di ìlọ́po 60, kí ẹ wá fi nọ́ńbà ojú mítà pín in. Bí mítà yín bá jẹ́ 1600, tí iná sì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún, 21 lọ́nà 60 jẹ́ 1260. Ẹ fi 1600 pín in, ó máa kù díẹ̀ kó pé 0.8 kW. Kọ̀mpírésọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣẹ́jú nínú ìṣẹ́jú náà, tàbí kò tilẹ̀ ṣẹ́jú rárá, fáànù inú nìkan ni. Ojú tí ń ṣẹ́jú kò lè parọ́ fún yín.

Bó bá jẹ́ mítà kan ni gbogbo àgbàlá ń lò, kò ní ṣeé ṣe láìsí ìyọ̀ǹda àwọn ará ilé. Ẹ fò ó, ẹ gbára lé àtẹ́lẹwọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí fún ẹni tó bá ra éésì inverter, tí wọ́n máa ń kọ orúkọ yẹn gàdàgbà sí ara rẹ̀. Éésì inverter kò fẹ́ máa dúró, kó tún máa dìde. Bí yàrá bá ti tutù, kọ̀mpírésọ̀ rẹ̀ máa rọra lọ sílẹ̀, á máa rìn jẹ́jẹ́, á máa gba iná díẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ pé ó ń kùn lábẹ́lẹ̀ ní gbogbo òru, ẹ ka mítà kí ẹ tó bínú sí i. Bí ó bá ń gba 0.2 tàbí 0.3 kW, iṣẹ́ tí ẹ rà á fún ló ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ 3: Rìmóòtù

Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Éésì tí wọ́n fi sí 16 lóru tí yàrá wà ní 24 kò ní lè dé 16 títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí náà kò ní sí ìgbà tí yóò gbọ́ pé “ó tó”. Fífi í sí 16 kò sì mú kó tètè tutù. Bí éésì tí kì í ṣe inverter ṣe ń ṣiṣẹ́ ní 16 náà ló ń ṣiṣẹ́ ní 24, ìgbà tí yóò dúró nìkan ló yàtọ̀. Lásìkò òjò, 25 tàbí 26 tó.

Ẹ wo bóyá Turbo tàbí Powerful wà lójú rẹ̀, kí ẹ pa á. Àwọn rìmóòtù kan tún wà tí wọ́n ní sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń mọ bí ibì kan ṣe gbóná tó, nínú ara wọn, wọ́n máa ń pè é ní “I Feel” tàbí “Follow Me”. Bí ẹ bá tan èyí, ibi tí rìmóòtù wà ni éésì yóò máa gbìyànjú láti mú tutù. Ní Adéwọlé, mo bá ọ̀kan lórí fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ta sí. Inú yàrá ti tutù bí ìsàlẹ̀ ìkòkò omi, rìmóòtù sì ń sọ fún éésì pé iná ń jó.

Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ tí ooru kò sì sí, ẹ gbé e sí Dry, èyí tó ní àwòrán ẹ̀kán omi. Ẹ má gbàgbé pé lásìkò òjò, iṣẹ́ méjì ni éésì ń ṣe: ó ń mú ooru kúrò, ó sì ń fa omi jáde nínú atẹ́gùn. Ẹ gbé kóróbá sábẹ́ ọ̀pá omi rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ ó rí bí omi tó ń fà ṣe pọ̀ tó. Bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀, omi ojú ọ̀run ni éésì yín ń gbẹ, kò sì lè gbẹ ẹ́ tán láéláé.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìdọ̀tí

Ẹ pa éésì láti brékà, kì í ṣe láti rìmóòtù nìkan. Ẹ ṣí ojú ti inú sókè, ẹ fa asẹ́ méjèèjì jáde, kí ẹ gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá, éésì yín kò rí èémí mí. Omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ tó. Ẹ má lo omi gbígbóná, nítorí ike ni, yóò ká. Ẹ sá a síbòòji, kó gbẹ dáadáa. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa ṣe é lọ́sẹ̀ méjì méjì. Eruku tó ń ti òkè Ọya wá bá wa lásìkò yẹn kì í bèèrè bóyá ilẹ̀kùn yín tì.

Ti ìta ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Lọ́dún kan, mo lọ sí ilé kan ní Tanke, lẹ́bàá ọ̀nà tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí. Àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ti ìta ti dí pátápátá, ẹ kò lè ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Mo rọra da omi sí i láti òkè wá. Omi tó ń ṣàn jáde pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ ọwọ́ osùn. Kóróbá mẹ́ta ni mo lò kí omi tó mọ́. Nígbà tí a tan án padà, ẹni tó ni ilé ní ohùn éésì náà ti yí padà, òótọ́ ló sì sọ: fáànù tó ń fipá fa atẹ́gùn tẹ́lẹ̀ ti ń fà á wẹ́rẹ́. Ti ìta ni éésì ń da ooru inú yàrá nù sí. Bí ibẹ̀ bá dí, ooru ń padà sílé, kọ̀mpírésọ̀ á máa ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹ lè fọ ti ìta fúnra yín bí ó bá wà nílẹ̀, tí ẹ sì ti pa brékà. Ẹ má lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, agbára omi rẹ̀ yóò tẹ irin wọ̀nyẹn. Bí ó bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ pe oníṣẹ́. Kò sí éésì tó tó ẹ̀mí.

Ìdọ̀tí tún ń fa nǹkan kan tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ: yìnyín. Bí asẹ́ bá dí, tí òtútù ọyẹ́ sì wà níta, irin inú éésì lè tutù débi pé omi tó ń fà yóò dì sára rẹ̀. Yìnyín náà á dí ọ̀nà atẹ́gùn, atẹ́gùn tó ń jáde á kéré, yàrá kò ní tutù, éésì kò sì ní dúró. Àwọn ará ilé á tún wá gbé e sí 16, yìnyín á sì máa nípọn sí i. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ pa ìtutù rẹ̀, ẹ fi sí Fan nìkan fún wákàtí méjì, kó yọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí ohunkóhun ha á o. Ẹ fọ asẹ́, kí ẹ tún tan án. Bí yìnyín bá tún dì lẹ́yìn tí asẹ́ ti mọ́, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ gáàsì lè wọlé.

Ìgbésẹ̀ 5: Yàrá fúnra rẹ̀

Ìta lè tutù kí inú má tutù. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ń mu oòrùn ní gbogbo ọ̀sán, òru ló máa ń pọ̀ ọ́ jáde. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ògiri yín lágogo mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣí fèrèsé lẹ́yìn ìrun Mọ́gíríbì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ fi fáànù lé ooru náà jáde, kí ẹ tó tì í pa tan éésì. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má tilẹ̀ nílò éésì mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ wo fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ tí kì í pa dé, ẹ wo ihò tí wọ́n gbà fi páìpù éésì wọlé, ẹ wo ibi tí síílìn ti lu. Fírísà tó wà nínú yàrá kan náà ń da ooru sínú rẹ̀, éésì á sì máa gbá a jáde. Ní ti ìwọ̀n, 1HP tó fún yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12. Kò lè tó pálọ̀ ńlá lẹ́ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ tútù la ń sọ níbí, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín lásìkò òjò pé kí ẹ lọ ra éésì tó tóbi jù ú lọ, ẹ ní kó kọ́kọ́ fọ èyí tó wà ńlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Iná tí kò lágbára

Ẹ wo ojú stábíláísà yín láàárín agogo méje sí mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá dé láti ibi iṣẹ́. Bí iná tó ń wọlé bá jẹ́ 170 fóltì tàbí kó kéré sí i, kọ̀mpírésọ̀ lè má dìde. Bó bá sì dìde, á máa gbóná, á máa dá ara rẹ̀ dúró, á tún máa gbìyànjú. Fún 1HP, kí stábíláísà má dín ní 2000VA. Bí iná kò bá dé 170 láìka stábíláísà sí, ẹ jẹ́ kí éésì sinmi lálẹ́ yẹn. Kọ̀mpírésọ̀ tuntun wọ́n ju ooru òru kan lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Sẹ́ńsọ̀ àti bọ́ọ̀dù

Àyẹ̀wò kékeré kan rèé tí ẹ lè ṣe láìtú ohunkóhun. Ẹ gbé rìmóòtù sí 30, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní alẹ́ tútù, ó yẹ kí ti ìta dúró. Bí kò bá dúró, ẹ gbé e sí Fan. Bí ó bá dúró níbẹ̀, a jẹ́ pé bọ́ọ̀dù, ohun tó ń darí éésì, ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ ń ka yàrá sí gbígbóná ju bó ṣe rí lọ. Sẹ́ńsọ̀ yìí kò ju orí ìṣáná lọ, ẹ̀yìn asẹ́ ló wà, wọ́n fi kílíìpù mú un. Ẹni tó fọ éésì yín kẹ́yìn lè ti yọ ọ́ kúrò láyè rẹ̀. Ohun kékeré ni láti pààrọ̀.

Bí ti ìta bá ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí ẹ fi sí Fan, tàbí kódà lẹ́yìn tí ẹ ti fi rìmóòtù pa á, rílèè orí bọ́ọ̀dù, súwíìṣì kékeré tó ń tan kọ̀mpírésọ̀, ti lẹ̀ mọ́ra. Ẹ pa brékà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má tan án mọ́ títí oníṣẹ́ yóò fi dé.

Ìgbésẹ̀ 8: Gáàsì ló wá kàn

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gáàsì éésì kì í ṣe epo bẹntiróò, éésì kì í mu ún. Inú páìpù kan náà ló ń yí po, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Bí ó bá dín, ihò wà níbì kan. Ẹni tó ń wá fi gáàsì sí éésì yín lọ́dọọdún láìwá ihò náà, omi ló ń pọn sínú agbọ̀n.

Àmì tí ẹ lè fojú rí: yìnyín funfun lára páìpù tín-ín-rín tó wọ inú ti ìta, àbàwọ́n òróró lára nọ́ọ̀tì tó so páìpù mọ́ra. Bí ẹ bá ní tẹmómítà, ẹ gbé e sí òkè ibi tí atẹ́gùn ń wọ ti inú, kí ẹ tún gbé e sí ẹnu ibi tó ń jáde. Ó yẹ kí ìyàtọ̀ wọn wà láàárín 8°C sí 12°C. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì mọ́, tí iná sì dára, ẹ pe oníṣẹ́.

Kí ó tó rọ nǹkan kan sí i, ẹ ní kó fi ọṣẹ yẹ àwọn nọ́ọ̀tì náà wò. Ẹ dúró tì í, kí ẹ máa wò ó. A ó po ọṣẹ kó hó dáadáa, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yí nọ́ọ̀tì ká. Bí ihò bá wà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìfófòó kan ṣoṣo á bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárín àwọn yòókù, á tóbi bí ojú ẹja, á bẹ́, òmíràn á tún wú lójú ibẹ̀ gan-an. Owó yín ló ń jáde níbẹ̀ yẹn. Kí ó dí ibẹ̀, kí ó fi pọ́ńpù fa atẹ́gùn inú páìpù tán, kí ó tó rọ gáàsì tuntun. Orúkọ gáàsì wà lára ti ìta: R22, R410A tàbí R32. Ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì, a kì í pò wọ́n pọ̀. R410A, a gbọ́dọ̀ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. R32 sì lè gbiná, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣáná nítòsí.

Nígbà tí ẹ bá sì máa pe oníṣẹ́, ẹ má sọ pé “éésì mi ò ní gáàsì”. Ẹ sọ fún un pé: “Mo fi sí 25, fèrèsé tì, asẹ́ mọ́, iná ń wọlé ní 215, ti ìta kò dúró fún wákàtí kan, mítà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyàtọ̀ atẹ́gùn inú jẹ́ 5°C.” Ẹni tó bá mọṣẹ́ yóò ti mọ irinṣẹ́ tí yóò gbé dání kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.